Jíìpù Tó Gbé Màmá Dé Oko Àdìó

Ládélé, àbúrò mi, ọdún mẹ́ta rèé! Ọdún mẹ́ta rèé tí o jí láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, tí o ní orí ń fọ́ ẹ, tí o sì di ẹni àná kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó rẹ̀ wá. Kí n má purọ́ fún ẹ. Wọ́n ní bí ọdún bá ti ń gorí ọdún ni ọgbẹ́ á máa jinná. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò gbé Mówè, kò sì ní jíìpù rẹ níwájú ilé.

Ṣé o rántí bí o ṣe fi í sílẹ̀? Jíìpù tòkunbọ̀ aláwọ̀ eérú, irú èyí tí àwọn ìyá fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, ni o ní o fẹ́ sọ di ọkọ̀ ìgbó. O fi sípíríngì gígùn gbé iwájú rẹ̀ sókè. O wá táyà ńláńlá eléyín gbàǹgbà sí i. O jó irin pẹlẹbẹ mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì kí òkúta má baà lù ú. Ẹ̀yìn nìkan ló kù kí ikú tó dé. Ó lé ní ọdún méjì tí jíìpù náà fi wà bẹ́ẹ̀, imú lókè, ìdí nílẹ̀, bí ajá tó jókòó de egungun. Àwọn ará àdúgbò ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọláwùnmí ìyàwó rẹ kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Gbogbo wa la mọ ìdí tí o fi ń ṣe é. Nítorí Màmá ni. Ìbàdí wọn ò gba ọ̀kadà mọ́, ọkọ̀ lásán kì í sì í kọjá odò tó wà lẹ́yìn Ìbógun. Ó pẹ́ tí wọ́n ti dé oko Àdìó gbẹ̀yìn, níbi tí Bàbá wa sùn sí. O ṣèlérí pé o máa gbé wọn dé ẹ̀gbẹ́ Bàbá gan-an. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìwọ á jókòó tì wọ́n, o ó máa ṣàlàyé táyà, o ó máa ṣàlàyé sípíríngì, Màmá á sì máa mi orí. Èmi rò pé wọ́n ń tòògbé ni.

Ìwọ lo wá kọ́kọ́ débẹ̀, Ládélé! Ọ̀nà tí o fẹ́ fi jíìpù gbà, èjìká ni wọ́n fi gbé ẹ gbà á nínú òjò, wọ́n sì tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Màmá ò sí níbẹ̀. Òbí kì í fojú rí sàréè ọmọ. Ilé ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń tún sọ: ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ.

Nǹkan ti yí padà lẹ́yìn rẹ. Jésùlayọ̀mi ọmọ rẹ ti wọ yunifásítì, Ìbógun náà ló ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń fi ọwọ́ tí ọ́ìlì wà nu imú bíi tìẹ. Àbdùlsàmàd ọ̀rẹ́ rẹ ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì yín ní Ìbàfò láràárọ̀, kò sì tíì yọ orúkọ rẹ kúrò lára pátákó. Ọláwùnmí ṣì ń ránṣọ. Ó ń ránṣọ fún oníbàárà, ó ń gbọ́únjẹ fún Màmá, ó ń fi omi gbígbóná jó ìbàdí wọn. Ó ti rù, Ládélé. Bí o bá rí i, wàá bi mí pé irú ìtọ́jú wo ni mò ń ṣe fún un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni Màmá ní kí Ọláwùnmí gbé àwọn lọ sọ́dọ̀ ọkọ àwọn kí àwọn tó kú. Gbogbo wa mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn. Àwọn àgbà ẹbí ní Ìfọ̀ yarí, wọ́n ní èèwọ̀ ni. Èmi Kòfowórọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ, yarí jù wọ́n lọ. Mo ní kí Ọláwùnmí ta jíìpù náà kí ọ̀rọ̀ tán ńlẹ̀. Ìyàwó rẹ tí kì í bá mi jiyàn rí wò mí lójú, ó ní, "Àǹtí, ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ fún Màmá pé ó dọ̀la."

Ọjọ́ kejì ló mú tépù ìránṣọ rẹ̀ lọ síwájú ilé. Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, ó wọn iwájú jíìpù láti àárín táyà dé etí irin tó wà lókè rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà rẹ̀ sí. Ó gbé ìwé náà fún Àbdùlsàmàd pé kí ó ṣe ẹ̀yìn kó bá iwájú dọ́gba. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó bá a wá sípíríngì tó bá ìwọ̀n tépù mu géérégé. Jíìpù rẹ dìde dúró, Ládélé!

Sátidé tó kọjá la lọ. Ọláwùnmí ló wà á. Ìwọ lo kúkú kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo rẹ pọ̀ ju ẹ̀kọ́ lọ. Màmá jókòó níwájú, èmi wà lẹ́yìn, ojú mi le. Kí a tó kúrò ní Mówè, fọkanáísà ìta wa fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọ́n fi le bí òkúta, torí pé ó fẹ́ràn rẹ. Ọláwùnmí ló sì ní kó kún dáadáa. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn: bí ọ̀nà bá ti burú, a ó ní kí wọ́n fẹ́ táyà kó le.

Nígbà tí ọ̀dà tán lẹ́yìn Ìbógun, tí a dé etí odò, jíìpù rì sínú ẹrẹ̀. Táyà ń yí lójú kan, ó ń da ẹrẹ̀ bo gíláàsì. Ọláwùnmí pa ẹ́ńjìnnì, ó gbórí lé sítíárìn ọkọ̀. "Ládélé, ó rẹ̀ mí o." Ìwọ ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwa. Mo ní ẹ jẹ́ ká padà, pé èèwọ̀ ló ń dá wa dúró.

Màmá ní, "Ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà."

Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni. Wọ́n ní, "Ládélé sọ fún mi. Ó ní táyà tó bá yó kì í rìn nínú ẹrẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ebi pa á díẹ̀, kó lè tẹ́ mọ́lẹ̀."

Wọn ò tòògbé rárá! Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi wọ̀nyẹn, wọ́n ń gbọ́ ẹ.

Ọláwùnmí bọ́ bàtà, ó wọ inú ẹrẹ̀. Ó ń fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ tẹ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà lára táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà ká aṣọ sókè, mo bá a ṣe é. Nígbà tó tún tanná sí ẹ́ńjìnnì, jíìpù mì, ó rọra yọ ara rẹ̀, ó sì la odò kọjá. Ó gbé Màmá dé ẹ̀gbẹ́ Bàbá gan-an, bí o ṣe wí.

Mo sáré ṣí ìborùn mi kí n fi dí ojú wọn. Wọ́n ní kí n gbé e kúrò. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ọ, wọ́n kọjú sí Bàbá, wọ́n sì jókòó sáàárín ẹ̀yin méjèèjì. Wọn ò wò ẹ́, Ládélé. Wọn ò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ wọn nìkan ló lọ sẹ́yìn, tó ń tálẹ̀ wò, tó ń wá ọ, títí ó fi kan sìmẹ́ǹtì rẹ. Ó sì dúró síbẹ̀.

Wọ́n ní, "Bàbá Kòfo, mo ti dé o. Ọmọ yín ló gbé mi wá."

Ẹ̀gbẹ́ jíìpù ni Ọláwùnmí dúró sí, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sunkún rẹ gan-an, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta.

A ti padà sílé. Ẹrẹ̀ oko Àdìó ṣì wà lára jíìpù, ìyàwó rẹ ò gbà kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Ó ṣì ń rẹ̀ wá. Àárò rẹ ṣì ń sọ wá. A fẹ́ràn rẹ, Ládélé, a ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣíwọ́ rẹ̀.