Èjí Kọ́ Ni A Mú Un Lọ Fún

Bàbá Monísọ́lá,

Ẹ kú iṣẹ́ òru. Ìrẹsì yín wà lórí sítóòfù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sùn.

Mo pe ilé ìwòsàn eyín ní Conyers láàárọ̀ yìí, láti mọ ohun tó ń dá ọ̀rọ̀ ọmọ wa dúró láti ọdún tó kọjá. Wọ́n ní ìjọba Amẹ́ríkà kò ní sanwó wáyà tí a fẹ́ fi tún eyín rẹ̀ tò. Obìnrin tó gbé fóònù ní, "Mà, dádì ẹ̀ tó mú un wá ló sọ pé eyín náà rẹwà, a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba."

Òótọ́ lẹ sọ. Èjí iwájú yẹn yẹ ẹ́, bí ó ti yẹ ìyá yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó gun ara wọn lẹ́yìn ni a torí wọn ń dúró, àwọn tí kò jẹ́ kí ó jẹ ẹran láìgé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ jẹ. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún dókítà. Ó ń ti búrẹ́dì bọ inú tíì bí arúgbó, ó ní, "Mummy, Daddy ti sọ pé ó fine."

Ó rẹ̀ mí. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti tún un wò lọ́sàn-án òní. Bí èyí bá tún bọ́, ẹ̀yìn gbogbo èrò ni a ó lọ tò sí.

Ẹ mú un lọ. Kí ẹ tó wọlé, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe àfojúdi bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiyín. Bí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kò ní sọ ọ́.