Gíláàsì Ni Wọ́n Fi Ṣe Ògiri Ilé Ìdáná Wọn

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ẹ jẹ́ ká pè é ní Fikáyọ̀mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àkúrẹ́ dé láti wá kàwé. Mo bá a gbé àpótí aṣọ rẹ̀ lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Woolwich. Ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin mẹ́ta, ilé ìdáná kan ṣoṣo! Gíláàsì ni ògiri rẹ̀, bíi ti ṣọ́ọ̀bù. Orí wo ló ro irú ilé burúkú yìí?

Ọmọkùnrin kan jáde tòun ti táwẹ́ẹ̀lì nídìí. Ó bèèrè orúkọ mi, mo sọ fún un, ló bá ń pè mí lórúkọ gàdàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Fikáyọ̀mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Grandpa, ẹ calm down jàre, báyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣe níbí."

Pẹ̀lú ìbínú ni mo fi gbé àpótí padà sílé. Kò tẹ̀ lé mi. Kò gbé fóònù mi mọ́, ó kàn tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé, "Ẹ máa bá àpótí ṣeré."

Òtútù ti dé báyìí, inú àpótí yìí sì ni kóòtù rẹ̀ wà. Mi ò rí oorun sùn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n gbé e lọ fún un, àbí kó wá kúnlẹ̀ gbà á?