Ajá Bàbá Àkàkpó Tí Mo Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà mi, ẹ sì kú àdúrà. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi Sùlé àti ìyàwó wọn, ẹ kí àwọn ọmọ. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, kí gbogbo ará Èjìgbò tó bá ní ajá lè rí i kà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe irú ìwà òmùgọ̀ tí mo hù. Ẹ fọkàn balẹ̀ o, ayọ̀ ló parí sí! Èmi Ráfíù yín tó máa ń gun igi tí ajá bá ti gbó, èmi ni wọ́n ń pè ní Dókítà Ajá ní Glei, nílẹ̀ Tógò níbí, báyìí.

Ọṣẹ, kóòmù àti òwú ìránṣọ ni mo ṣì ń tà létí títì. Òjò ibí kì í bẹ èèyàn. Bó bá ti ṣú, àfi kí n yáa kó ọjà wọlé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, èmi nìkan ni mo ń jẹun, ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Èdè Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ níbí jọ Yorùbá wa títí yóò fi yà bàrá, tí n óò dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí, tí gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àkàkpó, onílé mi, tó ń gbin òwú tó sì tún ń ṣọdẹ, ni ẹni àkọ́kọ́ tó pè mí wá jẹun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè wọ́n ní bàbá. Tanímọ̀la, ajá ọdẹ wọn, sì sọ ẹnu ọ̀nà mi di ilé, orí àwọn àpò tí mo fi ń kó ọjà ló ń sùn.

Bí òjò ọdún yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún ajá yìí. Ó ń họra láàárọ̀, ó ń họra lọ́sàn-án, ó ń fi eyín gé ìdí ìrù ara rẹ̀ bí ẹni ń jẹ àgbàdo. Irun rẹ̀ re, ara rẹ̀ pọ́n, egbò yọ. Ẹnì kan ní ká fi epo dúdú tí wọ́n dà nù lára mọ́tò pa á lára, òmíràn ní kẹrosíìnì ni. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ajá tó ń gbé ẹran wálé dán nǹkan wò. Wọ́n lọ sóko, wọ́n ní kí n bá àwọn máa ṣọ́ ọ.

Ẹ wá wo ọgbọ́n ọmọ yín! Mo rí ike oògùn tí wọ́n fi ń fín òwú. Mo ní ohun tó ń pa kòkòrò ara òwú, ṣé kò ní pa ti ara ajá ni? Mo ti rí àwọn àgbẹ̀ tó fi wẹ ajá wọn rí. Ni mo bá pò ó mómi, mo fi wẹ Tanímọ̀la látorí dé ìrù. N ò tíì gbé garawa kúrò nílẹ̀ tó ti ń lá ara rẹ̀. Kò pẹ́, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ṣubú lulẹ̀. Yéè! Mo gbé!

Àfi bí Bàbá ṣe wọlé dé. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní bí Tanímọ̀la bá kú, kí n wá yàrá míì, kí n má sì pe àwọn ní bàbá mọ́. Màámi, ti yàrá ò dùn mí. Ti bàbá yẹn ló jẹ́ kí n sunkún.

Mo fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ ṣan ajá náà, mo fi aṣọ Iléyá mi wé e. Awakọ̀ méjì kọ̀ láti gbé wa. Ọlọ́kadà kan ló ṣàánú mi, ó gbé wa dé ìlú Atakpamé, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó fún ajá lábẹ́rẹ́, ó sì bú mi ní Faransé, ó bú mi ní èdè Ewé. N ò gbọ́ ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n èébú ò nílò ògbufọ̀.

Nígbà tí ajá wá mí kanlẹ̀, dókítà fi kóòmù ya irun rẹ̀ sórí bébà funfun tó tutù. Ìdọ̀tí dúdú kéékèèké bọ́ sílẹ̀, ó sì di pupa. Ẹ̀jẹ̀ ni! Ọlọ́kadà bá mi túmọ̀ rẹ̀, ó ní dókítà sọ pé kòkòrò tíńtín tó ń fò ló ń mu ún, pé ara ajá míì kò fẹ́ itọ́ kòkòrò náà rárá, ẹyọ kan bù ú jẹ, gbogbo ara ló máa yún un. Dókítà bi mí pé orí kí ni ajá ń sùn. Màámi, orí àpò mi ni! Èmi tí mo ń wá oògùn kiri ni mo ń gba kòkòrò lálejò.

Nígbà tí a padà délé, mo dáná sun àwọn àpò náà, mo fi omi gbígbóná fọ ilẹ̀. Kí a tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, oògùn ajá gan-an ló ti kán sí i lẹ́yìn ọrùn, níbi tí ahọ́n rẹ̀ ò lè dé, ó sì ní ká kán an fún gbogbo ajá ilé. Ó kìlọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ara yíyún ni ti kòkòrò, oúnjẹ lè fà á, àrùn awọ lè fà á, nítorí náà kéèyàn béèrè kó tó fọwọ́ kan oògùn. Ẹ sọ fún Alfa pé mo rántí ẹ̀kọ́ wọn lórí itọ́ ajá. Mo fọwọ́ títí ọwọ́ fi hunjọ!

Irun ti hù padà, ó ń dán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá mú un lọ sígbó. Nígbà tí wọ́n dé lọ́sàn-án, wọ́n gbé ọ̀yà kan sẹ́nu ọ̀nà mi lójú gbogbo ará ilé. Ó wà láàyè, wọ́n ti dè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ẹran àkọ́kọ́ tí ajá bá mú lẹ́yìn àìsàn, ti ẹni tó wò ó sàn ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé n kì í jẹ ẹran tí a kò dúńbú, ìdí nìyẹn tí àwọn fi gbà á lẹ́nu Tanímọ̀la kó tó kú. Wọ́n na èèkù ọ̀bẹ sí mi, wọ́n ní kí ọmọ àwọn bọ́ síwájú. Mo ní Bìsìmílà, mo sì dúńbú rẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, Màámi, kó má fi ojú wa sunkún ara wa. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí ará àdúgbò, ẹ kí ajá Sùlé pẹ̀lú.

Èmi ni ọmọ yín, ọmọ Bàbá Àkàkpó,
Ráfíù.