Kọ́kọ́rọ́ Tí Mo Dà Nù ní Ibùdó Egan

Ojúlé Kejìlá, Òpópónà Ìfẹ́dayọ̀,
Akowonjo, Alimosho,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2026.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ètò Kọ́kọ́rọ́ Sátẹ́láìtì,
Ìkẹjà, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚN ÀKỌSÍLẸ̀ ỌJỌ́ KỌKÀNLÉLÓGÚN, OṢÙ KÌN-ÍN-NÍ YẸ̀ WÒ

Èmi ni mo ń ṣọ́ awò tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ sátẹ́láìtì ní ibùdó wa ní Egan. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó kọjá ni wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé, pé mo dójú ti ibùdó lójú àlejò.

Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ti ń sọ ọ́ fún ìyá mi. Bí sátẹ́láìtì bá ń kọjá lókè, ó máa ń ju hóró ìmọ́lẹ̀ sí wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú hóró wọ̀nyí ni àwa àti ibùdó kejì ti ń rí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kan náà. Òun ni kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ti èsì àyẹ̀wò àwọn aláìsàn pa kí ó tó kúrò ní ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíràn. Ẹni tó bá yọjú wo hóró náà lọ́nà yóò bà á jẹ́, àṣìṣe yóò sì hàn. Bí àṣìṣe bá ju mọ́kànlá lọ nínú ọgọ́rùn-ún, òfin yín ni pé kí a da gbogbo rẹ̀ nù.

Ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkànlélógún, sátẹ́láìtì kọjá. Àwọn dókítà mẹ́rin láti ilé ìwòsàn tó fẹ́ darapọ̀ mọ́ wa jókòó sẹ́yìn mi. Àṣìṣe jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Gbóyèga, sọ ọ́ sí mi létí pé kí n jẹ́ kó lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò mọ ẹni tó wò ó." Wọ́n ní, "Ta ló máa wò ó ní Egan níbí?" Mo da kọ́kọ́rọ́ náà nù, mo sì sọ fún àwọn àlejò pé kò bọ́ sí i lónìí.

Òótọ́ ni ọ̀gá mi sọ, kò sí olè. Nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé, mo rìn yí àdúgbò ká. Mo rí iná tuntun kan lórí ṣọ́ọ̀bù Alhaji Múrítàlá, wẹ́dà tó wà lẹ́yìn ògiri wa. Àwọn kan ti jí jẹnẹrétọ̀ Alhaji, ni àwọn náà bá gbé iná ńlá sókè, ó kọjú sí òrùlé wa. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń wọ inú awò wa. Wọ́n ní, "Kí ló dé tẹ́ ò ti sọ?" Àwọn fúnra wọn ló gun àkàsọ̀ tí wọ́n dojú iná náà kọlẹ̀. Testimony tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé ìgbà tí sátẹ́láìtì tún kọjá, àṣìṣe kò ju mẹ́rin lọ.

Síbẹ̀, awò kò lè mọ iná yàtọ̀ sí olè. Bí a bá fojú fo ọ̀kan, a ti fojú fo èkejì nìyẹn. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Hamdalah, ti tẹ aládùúgbò lọ́wọ́ rí, kí ibùdó yìí tó dé. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ kò padà wá mọ́. Títí di òní, bí ara rẹ̀ kò bá tilẹ̀ yá, kì í gbà láti lọ rí dókítà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé nínú ìwé tí wọ́n fi dá mi dúró, wọ́n kọ ọ́ pé mẹ́sàn-án ni àṣìṣe ọjọ́ náà, pé èmi ni mo ṣèèṣì da kọ́kọ́rọ́ tó dára nù. N kò bá Ọ̀gbẹ́ni Gbóyèga ṣọ̀tá. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí, ẹnu wọn ni mo sì ti kọ́kọ́ gbọ́ òfin náà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣí kọ̀ǹpútà ibùdó wò. Bí ẹ bá bá mẹ́sàn-án níbẹ̀, n kò ní kọ̀wé mọ́. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ẹ dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá sì ti fi ẹlòmíràn sí àyè mi, ẹ ṣáà tún ìwé náà kọ bó ti rí. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn mi yóò kà á, ibẹ̀ ni yóò sì ti mọ ohun tó yẹ kó ṣe nígbà tí àlejò bá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á.

Èmi ni tiyín,
Qonitah Abdulganiyy,
Olùṣọ́ Awò, Ibùdó Egan.