Mo Purọ́ fún Ọkùnrin Onífọ́ọ̀mù

Ọmọ mi àgbà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ẹni tó dá yín sí dòní kò ní fi yín sílẹ̀ lọ́la. Ara mi le, àfi orúnkún tó ti di ọ̀tá mi, òrùlé ẹ̀yìn sì ń jò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ tó wà lẹ́wọ̀n ni mo fẹ́ sọ.

Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan ti ọgbà ẹ̀wọ̀n wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù gbọọrọ. Ó ní àwọn ń pín ẹlẹ́wọ̀n sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí, àwọn fẹ́ ṣa ogójì lọ sílé ìtọ́jú, dókítà á máa bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Inú mi dùn. Ìwọ náà mọ̀ pé tí mo bá ń ṣa irúgbìn àgbàdo, èyí tí kòkòrò kò fẹnu kàn ni mo máa ń mú. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á ṣe ṣa èèyàn. Mo nu àga fún un lẹ́ẹ̀mejì, mo jókòó, mo múra ìdáhùn.

Ó béèrè bóyá àbúrò rẹ máa ń mutí. Mo ní ọtí kẹ̀, ọmọ tí òórùn ọtí lásán ń lé jáde nílé! Ó béèrè bóyá ó lu ẹnikẹ́ni rí. Mo ní ewúrẹ́ tó bá jẹ iṣu wa pàápàá, ẹ̀bẹ̀ ló máa ń bẹ̀ ẹ́. Mo sì rọra fa ìborùn bo àpá tó wà lápá mi, èyí tó fi ìgò dá sí mi lára lọ́jọ́ tó mutí yó. Gbogbo ìlà tí ọkùnrin náà ń fà ni mò ń kà sí máàkì. Nígbà tó lọ, mo sọ fáwọn aládùúgbò pé ọmọ mi ti gba ipò kìn-ín-ní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìwé wọn dé. Mo gbé e lọ bá tíṣà àdúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, kó túmọ̀ òyìnbó inú rẹ̀ fún mi. Ó ní wọn ò mú àbúrò rẹ, pé ẹni tí ọtí ti bà jẹ́ ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ti fi tiwa sáàárín àwọn tó kàn máa jókòó títí ọdún wọn á fi pé. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àgbàdo mi fún un. Ó mi orí, ó ní èyí tí kòkòrò ti jẹ gan-an ni wọ́n ń ṣà. Ọmọ mi, mo sunkún dé ilé. Wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, òun ni mo tẹ̀ lé, mo sì fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi.

Má fowó ránṣẹ́ lóṣù yìí, kí òrùlé máa jò. Fi owó náà wọkọ̀ lọ bá wọn lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Tíṣà ní wọ́n ṣì lè tún un yẹ̀ wò kóṣù tó parí. Sọ fún wọn pé mo purọ́. Sọ pé àárọ̀ ni àbúrò rẹ ti máa ń mutí, kò sì mọ ìyá mọ tó bá ti yó. Tí wọ́n bá ní ẹ̀rí dà, kí ọkùnrin náà tún wá. Mi ò ní da ìborùn bora lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà rẹ á là, ẹnu rẹ á mú ọ̀rọ̀ já gaara.

Èmi ni, ìyá ẹ̀yin méjèèjì.