Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kò Gbọdọ̀ Pè

Datcha, ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn Máàsì
Oṣù kọkànlá, ọdún 1986

Céline, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé òkun tí ẹ ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní Lomé kì í pariwo sí yín létí jù? Ọlọ́run tó rí ọ nígbà tí o wọ ọkọ̀ ní Agbonou tí o kò bojú wẹ̀yìn, kí ó má ṣe gbé ojú kúrò lára rẹ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ìyá Ẹ̀taòkò, ìyálé gbogbo wa, ní kí n kí ọ. Antoine àbúrò rẹ kí ọ, ewúrẹ́ rẹ tó bí ìbejì kí ọ. Mésíọ̀ Jules tó ń kọ́ wa níwèé ti wo èyí tí mo kọ dé ibí, ó ní ìkíni ti fẹ́ gba ojú ìwé tán, n kò sì tíì sọ nǹkan kan. Mo bi í pé kí ló wá kù láti sọ lẹ́yìn ìkíni. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ àyà mi já, nítorí n kò mọ̀ bóyá yóò yọ máàkì nínú tèmi.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ìyá rẹ ti di ọmọ ilé-ìwé, ọwọ́ mi ni mo fi kọ èyí. Bí o bá wà lórí ìdúró, jókòó. Inú gbọ̀ngàn míṣọ́ọ̀nù la ti ń kọ́ ọ, ní ìrọ̀lẹ́ tí a bá ti oko dé, àwa ọdún kìíní lórí bẹ́ńṣì iwájú, àwọn ọdún kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí atẹ́gùn wà. Ọwọ́ tó ti mọ ọkọ́ í mú láti ìgbà èwe, bíìkì tí a fi ń kọ̀wé a máa yọ̀ bọ́ nínú rẹ̀ bí ẹja àrọ̀. Bí Jules bá bèèrè nǹkan, gbogbo èèyàn á nawọ́, èmi á máa wo ẹsẹ̀ mi. Mo máa ń rò pé èmi nìkan ni kò yé, títí mo fi gbọ́ pé Bàbárímisá tó ń ta aṣọ lọ́jà, ará Ṣábẹ̀ tó ti mọ Kéwú kà láti kékeré, ń bẹ̀rẹ̀ ìlà tirẹ̀ láti apá ọ̀tún. Ìyẹn tù mí nínú díẹ̀.

Iṣẹ́ tí a ń kọ́ báyìí ni bí a ṣe ń fi ìwé ránṣẹ́ tí èsì yóò fi padà wá. Ó le ju bí mo ṣe rò lọ. Jules ní gbogbo ìwé ló gbọ́dọ̀ ní orí, kí ẹni tó gbà á lè mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́. Mo kọ “Ìyá rẹ” sórí tèmi. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ẹni tó ń sọ ọ́ ni. Mo pa á rẹ́, mo ronú títí, mo tún kọ “Ìyá rẹ” padà. Ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ní àbúrò bàbá rẹ tí ò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àpótí ní pọ́ọ̀sì, ilé ìfìwéránṣẹ́ Lomé, ojú tì mí nítorí yín, mo ní ṣé ilé tuntun tó kọ́ náà kò gbà yín ni. Ó ya àpótí náà sára pátákó, ó ní ìwé nìkan ló ń gbé inú rẹ̀. Ó tún fi òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú àpò ìwé hàn wá, ẹyẹ kan wà lára rẹ̀, mo ní ìyẹn dára, ẹyẹ yóò yára ju Philippe dírẹ́bà tó ń ná Lomé lọ. Ó ní ká fi itọ́ lẹ̀ ẹ́. Èmi ò lè fi itọ́ mi ránṣẹ́ sílé ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ̀kọ ni mo fi lẹ tèmi.

Céline, ẹ̀yin òde òní ni ẹ sọ ọ̀rọ̀ di wàhálà báyìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ìyá mi bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Atakpamé, ẹnu ọmọ ló máa ń fi í sí. Á mú ọmọ náà jókòó, á sọ ọ̀rọ̀ fún un, ọmọ á tún un sọ títí ohùn rẹ̀ yóò fi fara jọ ti ìyá mi, á wá di iṣu sísun sí i lọ́wọ́ kí ebi má bàa jẹ́ kó gbàgbé lọ́nà. Bí èsì bá dé, a óò mọ̀ bóyá ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín tàbí ó ń wúkọ́. Ìwé kò ní ikọ́ nínú. Bí o bá ń ṣàìsàn tí o kọ “ara mi le”, ta ni yóò tú ọ fó fún mi?

Lẹ́yìn náà ni ìwọ dàgbà tí o di ẹnu gbogbo agboolé. Ṣé o rántí abẹ́ igi máńgòrò? Àwọn obìnrin á kó ìwé ọkọ wọn wá, ìwọ á kà á pẹ̀lú ohùn ọkọ kọ̀ọ̀kan, wọn á máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn. Bí mo bá ń sọ tèmi tí o ń kọ ọ́, bí mo bá kí èèyàn mẹ́wàá, mẹ́ta lo máa ń kọ. O ní, Ìyá, ìwé yìí ò gùn tó ẹbí wa. Mo bínú sí ọ nígbà náà. Ní báyìí tí ọrùn ọwọ́ ń dun èmi náà, mo ti dárí jì ọ́. Láti ọjọ́ tí o ti lọ, igi máńgòrò náà ti di igi lásán, àwọn adìyẹ ló ń sùn níbẹ̀.

Kí n má gbàgbé, Gérard ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ti ríṣẹ́ sí Nangbéto, níbi tí wọ́n ti ń dí odò Mono. Ó ní omi náà ni wọn yóò fi tan iná. Omi tí àwa fi ń paná. Mo ní kí ó rọra máa dúró lẹ́yìn àwọn yòókù títí a ó fi rí bí yóò ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ kọ ìwé nìyí. Ìdánwò wa ni pé kí oníkálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé sí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, kí èsì ti pọ́ọ̀sì dé kí Kérésìmesì tó dé, kí ó sì dìde kà á sókè níwájú gbogbo kíláàsì. Ẹni tí èsì rẹ̀ kò bá dé yóò tún ọdún kìíní ṣe. Èsì Bàbárímisá ti dé. Ó ń rìn káàkiri ọjà pẹ̀lú rẹ̀, ó ní òun tí òun ń kọ̀wé láti ẹ̀yìn wá síwájú ti gba èsì, èwo ni ti Ìyá Céline.

Tèmi ti lọ, ó ti padà. O mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọ ilé bàbá rẹ, àbúrò rẹ̀ yìí ló gbé fìtílà síwájú mi, ó tín-ín-rín bí igi ilá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi, ó ń wo ìkòkò. Mo bu ẹ̀wà fún un, mo ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọkọ mi, jẹun kí atẹ́gùn má bàa gbé ọ lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá rẹ̀ bá fi orúkọ ìrìbọmi pè é, kò ní dáhùn. Bí mo bá pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, á sáré dé. Nítorí náà ni mo ṣe kọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sójú àpò ìwé, kí ó fi fún Céline, pẹ̀lú nọ́ńbà àpótí náà. Ó pẹ́, ó padà wá pẹ̀lú yíǹkì pupa. Jules ní wọ́n kọ ọ́ pé àwọn kò mọ ẹni bẹ́ẹ̀, pé gbogbo ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń lo àpótí kan náà, orúkọ ni wọ́n fi ń pín ìwé. Èmi rò pé ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n wá kiri, ikùn tó gbé wálé lọ́jọ́ Àjíǹde kò sì jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀.

Mo rán Philippe dírẹ́bà sí yín, ó ní òun wá ilé tuntun yín títí, òun kò rí i. Mo ní kí n kọ̀wé tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ kí n tó kọ orúkọ rẹ̀, Jules ní orúkọ yẹn náà ni máa kọ sójú ìwé tí mo fi ń tọrọ àṣẹ. Ó fẹ́ bá mi kọ ọ́, àmọ́ kì í tún ṣe ọwọ́ mi mọ́. Bàbá rẹ ní àwọn fún mi láṣẹ. Léonie ìyàwó Gérard ní orúkọ ẹlòmíràn kì í ṣe ti bàbá rẹ láti fi tọrẹ, pé ẹni tó bá ka ojú ìwé náà, èmi ni mo fi orúkọ sí i lẹ́nu. N kò lè jẹun. Ìyá Ẹ̀taòkò tó ti ń gbọ́ wa láti orí ẹní ló wá dá ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní:

“Ẹnu ni wọ́n kà léèwọ̀ fún wa. Ọwọ́ wa ń ro oko wọn, ó ń fọ aṣọ wọn, ó ń wẹ òkú wọn. Kí ló wá dé tí kò ní kọ orúkọ wọn?”

Ó ku ìṣòro kan. Àwa ọdún kìíní kò tíì mọ bí a ṣe ń kọ̀wé láìpè é jáde. Lẹ́tà tí ọwọ́ bá ń kọ, ẹnu á máa pè é. Nítorí náà, lónìí tí a ti Máàsì dé, mo gbé káàdì olórúkọ tí àbúrò bàbá rẹ fún bàbá rẹ jáde kí n lè wò ó kọ, mo bu omi sẹ́nu, mo pa ètè dé, mo kúnlẹ̀ níwájú àga, mo kọ ọ́. Omi náà ti fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ nígbà tí mo kọ ọ́ tán. Àpò ìwé ni mo kọ́kọ́ kọ, kí n má bàa fi ìwé ṣòfò bí àyà mi bá kọ̀ ọ́. N kò ní kọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kejì nínú ibí.

Òun ni yóò rí i kí ìwọ tó rí i. Bí ojú rẹ̀ bá le nígbà tó gbé e dé, sọ fún un pé orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Kì í ṣe òfin nìkan ló ń dẹ́rù bà mí, Céline. Orúkọ tí mo kọ yẹn, ti gbogbo ayé ni. Bí mo bá ti ń pè é bí gbogbo ayé ṣe ń pè é, ta ni yóò tún máa jẹ́ mi lóhùn?

Fi owó epo àtùpà díẹ̀ ránṣẹ́ bí o bá ní, bí o kò bá ní, má yá. Ṣùgbọ́n fèsì. Kọ ọ́ gàdàgbà, má jẹ́ kí lẹ́tà rẹ di ara wọn mú, nítorí ìdúró ni máa kà á. Níbi tí ọ̀rọ̀ rẹ bá parí sí, gbé bíìkì náà fún àbúrò bàbá rẹ. Bí kò bá bínú, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sísàlẹ̀. Ìyẹn ni máa fi parí kíkà mi, ìyẹn nìkan ni ẹnu mi lè pè láìbu omi.

Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Ọmọ tìrẹ náà yóò kọ̀wé sí ọ, wàá sì mọ̀ ọ́n kà.

Èmi ni ìyá rẹ, ọdún kìíní.