Ẹ̀rí Kẹrin

Dora àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ ní Kàdúná. Orúnkún Desmond ọkọ mi kò dùn ún mọ́. Ẹ̀gẹ́ ta dáadáa, mo ń rọ ọ́ ní púpurú, mo ń yan án gbẹ lórí iná, èéfín rẹ̀ sì gba gbogbo ilé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Lésìí, wọ́n yẹ ọrùn ilé-ọmọ mi wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ó mọ́, mo sì sáré jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àṣé àyẹ̀wò kejì ń bọ̀. Ó fi hàn pé kòkòrò HPV, èyí tó ń ti ibùsùn ranni tó sì lè fa jẹjẹrẹ, wà níbẹ̀, kò kàn tíì ba nǹkan jẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì ní ó lè ti wà lára tipẹ́, kí èmi àti Desmond má fura síra wa. Ara sábà máa ń lé e lọ, kí n padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Ó yé mi. Ẹ̀yìn púpurú lè gbẹ kí inú rẹ̀ ṣì tutù. A kì í torí ẹ̀ jù ú nù, orí iná là ń dá a padà sí.

Ìyá Ìjọ ní kí n dákẹ́, pé a kì í yí ẹ̀rí padà. Síbẹ̀, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi jẹ́ ẹ̀rí kejì.

Mo padà lọ lóṣù tó kọjá: kòkòrò ti lọ. Nígbà tí mo jẹ́rìí kẹta lọ́jọ́ Ìkórè, Ìyá Ìjọ ló dá orin fún mi. Òun náà ti lọ ṣe àyẹ̀wò.

Olúwa yóò máa ṣọ́ yín. Má fi owó ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Lọ ṣe àyẹ̀wò tìrẹ, kí n rí ẹ̀rí kẹrin jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Eunice